Ijó Góòlù ní Pápá Pightle

Mò ń jowú ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ọ́, kò sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni máa fi mí ṣe. Ẹni tó bá ní kí n yé jowú Thelma, kó kọ́kọ́ lọ bá Thelma gbé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó wá gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ wò ó, èmi ni mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí, ọ̀pá gígùn ni, ó ní àwo pẹlẹbẹ nídìí. Èèyàn á máa fì í sọ́tùn-ún sósì lórí koríko, bí irin tàbí owó àtijọ́ bá wà nínú ilẹ̀, á ké sí i létí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, mo ra tèmi, mo sì lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Mace, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó yọ̀ǹda pápá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pightle fún mi. Bàbá arúgbó náà gbà. Inú mi dùn débi pé mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu mi yìí! Kò pẹ́ kò jìnnà, Thelma ti ra ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tó dáa ju tèmi lọ, ó sì ti gbé kéèkì lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Mace. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, pápá mi ti di pápá wa.

Bó bá ṣe pé ó kàn ń tẹ̀ lé mi kiri ni, ǹ bá ti gba kámú. Ó tún wá ń rí nǹkan! Ibi tí mo bá ti rìn kọjá tí mi ò gbọ́ ohunkóhun, ibẹ̀ gan-an ni Thelma á ti tẹ́tí sílẹ̀. "Avril, sáré wá!" Owó fàdákà ayé àwọn ọba àtijọ́ ni. "Avril, wá wo èyí!" Òǹtẹ̀ bàbà tí àlùfáà kan sọ nù láyé ọjọ́un ni. "Avril, ṣé o ò gbọ́ eléyìí ni? Ṣebí ibi tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìyí?" Èmi ńkọ́? Ìṣó. Ọta ìbọn. Etí agolo bíà, ìyẹn òrùka kékeré tí wọ́n ń fà kí agolo tó ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú bíà tí wọ́n ti mu ní Norfolk wa yìí, nílẹ̀ England, látìgbà tí wọ́n ti bí mi, èmi ni kẹ́ ẹ wá bi.

Ohun kan ṣoṣo ni Thelma ò tíì rí, góòlù ni. Èmi náà ò tíì rí i. Nínú ẹgbẹ́ àwa tó ń fi ẹ̀rọ wá nǹkan nínú ilẹ̀, ẹni tó bá rí góòlù fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jó lójú ẹsẹ̀, nínú pápá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó ti yọ ọ́. Ijó góòlù la ń pè é. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá o mọ ijó í jó. Ọ̀gbẹ́ni Quantrill, alága wa, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí, jó tirẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí bàtà kan fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń fẹ́ láyé mi kò ju ìyẹn lọ, kí n jó kí Thelma tó jó. Kó máa mú fàdákà lọ, kó máa mú òǹtẹ̀ àlùfáà lọ, ṣùgbọ́n ti góòlù yìí, ọwọ́ mi ni kó ti kọ́kọ́ bọ́ sí.

Góòlù kan ti wà láàárín àwa méjèèjì tẹ́lẹ̀. Màmá wa ní owó góòlù kan tí ìyá tirẹ̀ fún un, inú agolo mọ́sítádì ló ń fi í sí. Lọ́jọ́ Kérésì, á jẹ́ ká dì í mú díẹ̀, ká wo orí Ọbabìnrin arúgbó tó fi aṣọ borí. Nígbà tí Màmá kú, Thelma ló mú agolo náà. "Ṣebí èmi ni àkọ́bí," ló wí, ló bá sọ ọ́ sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Wọ́n wá fún èmi ní aago ògiri tí kì í ṣiṣẹ́. Látọjọ́ ìsìnkú yẹn, mi ò fojú kan owó náà mọ́. Mi ò sì dárí ẹ̀ jì í, kí n má purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Màlúù ló ń jẹko ní Pightle, Ọ̀gbẹ́ni Mace ò sì fẹ́ rí ojú ihò kankan níbẹ̀. Torí náà, bí ẹ̀rọ bá ké, a ó gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, a ó fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ láìgé, a ó wá ṣí i bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà la tiẹ̀ ń pè é. Bá a bá yọ ohun tó wà nísàlẹ̀ tán, a ó tún fi ẹ̀rọ gbọ́ inú ihò náà lẹ́ẹ̀kejì, torí nǹkan méjì lè wà lójú kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn la ó da yẹ̀pẹ̀ padà, a ó pa ilẹ̀kùn dé, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n wò ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Èmi mọ̀ ọ́n wò dáadáa. Ọwọ́ òsì ni Thelma ń lò, nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa, òun nìkan sì ni. Ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń kọjú sí tá a bá ń gbẹ́lẹ̀ ní Pightle. Ẹ̀gbẹ́ tí èmi kì í gé máa ń wà lápá òsì, ti Thelma máa ń wà lápá ọ̀tún. Bí mo bá ti rí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sápá ọ̀tún, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ibo ni kì í ti í dé ṣáájú mi?

Ó wá di Sátidé kan, lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ rọ̀, ó dára fún iṣẹ́ wa. Thelma ti lọ jókòó sẹ́yìn igi ọgbà pẹ̀lú fíláàsì tíì rẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, ó ń nasẹ̀.

"Kí lo rí látàárọ̀?" ó bi mí.

"Etí agolo."

"Òmíràn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Avril, o ò kúkú ṣí ilé iṣẹ́ agolo."

"Mu tíì ẹ jẹ́ẹ́."

"Mò ń mu ún. Ṣé wàá jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì, àbí kí n fi bọ́tà sí agolo fún ẹ?"

Mo fi í síbẹ̀, mo gba àárín pápá lọ. Mò ń gbọ́ ariwo katakata kan lódìkejì ọ̀nà, mi ò kọbi ara sí i. Inú ń bí mi, mò ń fi ẹ̀rọ gbá koríko sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé onílé. Níbẹ̀ ló ti ké. Kì í ṣe bí ìṣó ṣe ń kùn, kì í ṣe bí etí agolo ṣe ń ké. Ohùn kan tó mọ́ ni, tó jìn, tí kò sì yẹ̀ bí mo ṣe ń yí i ká.

Mo kúnlẹ̀, mo gé ilẹ̀kùn mi, mo ṣí i, mò ń gbẹ́. Mo gbẹ́ títí apá mi fi wọlẹ̀ dé ìgúnpá. Mo bu amọ̀ kan jáde, mo là á. Etí nǹkan kan pọ́n ròrò lójú mi. Fàdákà máa ń dúdú nínú ilẹ̀, bàbà á di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n góòlù, bó ṣe wọlẹ̀ ló ṣe ń jáde. Amọ̀ ti bo ojú owó náà, díẹ̀ nínú orí èèyàn ló yọ síta. Mi ò nù ún. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá fi àtàǹpàkò nu góòlù nínú pápá ti ba ojú ẹ̀ jẹ́ nìyẹn, torí iyanrìn tó wà lára amọ̀ á họ ọ́. Mo kàn gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo bá jó. Ha! Mo jó! Mo gbé apá sókè, mo ta ìdí sẹ́yìn, mo fi bàtà òjò gbo ẹrẹ̀, mo yí bírí, mo tún yí bírí. Mo tiẹ̀ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kọrin: "Thelma ò rí i o, èmi ni mo rí i! Thelma jókòó ti búrẹ́dì!" Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé inú ara yìí, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì jowú ẹnikẹ́ni láyé ńbí.

Nígbà tí èémí mi rọlẹ̀, mo kúnlẹ̀ láti pa ihò náà dé kí n tó lọ pe Thelma. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Nínú ibi tí mo gé, ẹnì kan ti gé e rí. Ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gba ara koríko kọjá ti pọ́n, kì í ṣe tòní. Mo fọwọ́ tọ ibẹ̀ yíká. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló gé. Èyí tí kò gé wà lápá ọ̀tún.

Thelma! Thelma ti gbẹ́ ibí yìí. Thelma tí kì í kọjá lórí nǹkan, ó ṣe wá kọjá lórí góòlù? Ta ni mo mọ̀ láyé yìí tó ní owó góòlù tó lè rì mọ́lẹ̀ fún àbúrò rẹ̀? Mo rí agolo mọ́sítádì lójú mi kedere. Ó ti wá sin owó Màmá síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí koríko lè hù, kí n má bàa fura. Ó wá ń jókòó sídìí tíì ní Sátidé-Sátidé, ó ń dúró de ìgbà tí òmùgọ̀ máa ṣubú lé e kó lè wá bá mi yọ̀. Ó ń ṣàánú mi! Ohun tí kò fún mi nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó wá jù ú sílẹ̀ fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń ju egungun fún ajá. Mo sì ti jó! Mo ti kọrin!

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn igi ọgbà. Mo ju owó náà sí i láyà, tòun tamọ̀.

"Gba owó Màmá ẹ! Gba àánú ẹ padà!"

Tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. "Avril, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lo—"

"Mo rí ilẹ̀kùn ẹ! O rò pé mi ò mọ ọwọ́ ẹ? Èmi kì í ṣe alágbe, Thelma. Lọ fi owó ẹ sínú agolo ẹ, kẹ́ ẹ jọ máa sùn!"

Ó ṣa owó náà nílẹ̀. Ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi tíì inú fíláàsì ṣan án díẹ̀. Ó wò mí. Ó ya ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó wá mú áńkáṣíìfù, ó dì í síbẹ̀, ó fi sápò.

"Ó dáa," ló wí. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ wa pàdé ní gbọ̀ngàn abúlé lọ́sàn-án. Ìpàdé tá a ti máa ń pe àwọn àgbẹ̀ tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wa ni, a ó fún wọn ní tíì àti kéèkì, olúkúlùkù á sì tẹ́ ohun tó bá rí sórí tábìlì aláṣọ dúdú. Mo lọ, torí pé bí mi ò bá lọ, Thelma á rò pé ojú ń tì mí. Mo gbé etí agolo mi mẹ́ta kalẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kalẹ̀? Owó góòlù nínú àpótí kékeré, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ níwájú.

Ẹ wo àìnítìjú! Owó Màmá ló gbé wá tó ń pè ní ohun tó hú jáde nínú ilẹ̀! Mo já èrò kọjá, mo lọ síbẹ̀ láti tú àṣírí ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Orí ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ọba ni, ó pá lórí díẹ̀, ó sì dá irùngbọ̀n sí.

Obìnrin ló wà lójú owó Màmá. Obìnrin arúgbó tó fi aṣọ borí. Kò sí ọdún Kérésì kan tí mo rí irùngbọ̀n níbẹ̀.

"Thelma Thirtle," Ọ̀gbẹ́ni Quantrill ń fi ṣíbí lu ife, "dìde, kó o sọ bó o ṣe rí i."

Thelma dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Pightle ni. Mo ti gbẹ́ ojú ibẹ̀ nígbà òtútù. Etí agolo bíà ni mo yọ. Ó bí mi nínú, mo pa á dé, mi ò fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì."

"Kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì!" Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. "Thelma! Ìwọ!"

"Ó wà nísàlẹ̀ etí agolo yẹn ni. Ṣé ẹ rí i... mo padà síbẹ̀ ni."

Mo wá àga jókòó. Kò sin nǹkan kan. Kò ṣàánú mi. Ó kọjá lórí góòlù, Thelma kọjá lórí góòlù, èmi Avril ni mo rí i! Èmi ni mo rí i, èmi náà ni mo jù ú fún un. Ó sì ti mọ̀ láti ìgbà tó ti fi tíì ṣan án lẹ́yìn igi ọgbà. Ó rí irùngbọ̀n yẹn, ó ya ẹnu láti sọ, ó sì pa á dé.

"Ijó ńkọ́?" ẹnì kan kígbe. "Ṣé ó jó?"

"Ijó! Ijó!"

"Orúnkún mi," Thelma wí. "Ẹ mọ orúnkún mi."

"Kò sí góòlù láìsí ijó," Ọ̀gbẹ́ni Quantrill wí, kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Mace, tó ti ń jẹ kéèkì bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nu ẹnu. "Àbí àbúrò ló máa ń bá yín jó o ni? Torí mo wà lórí katakata mi lánàá, mo rí Avril láàárín Pightle, ó ń fò sókè, ó ń jùdí, ó ń yí bírí. Mo ní, ẹ̀yin ọmọge yìí, ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ kí èèyàn máa jó láàárín pápá. Ojú gbogbo wọn kúrò lára Thelma, ó wá sára mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó di etí tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí àwo. Ó kù sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, góòlù á bọ́ sí mi lọ́wọ́, Thelma ò sì ní lè wọ gbọ̀ngàn yìí mọ́ láéláé.

"Oyin ni, sà," mo wí. "Oyin ló wọ inú bùláòsì mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Mace ní òun ti rò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é o. Mo kàn rí i pé bí mo bá gba góòlù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tán lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó wà lórí pẹpẹ nílé rẹ̀. Mo fẹ́ kí Thelma máa wò ó láràárọ̀, kó máa rántí ẹni tó rí i.

Òun ló wa mí lọ sílé. A dé iwájú ilé mi. Ó pa ọkọ̀, ó nawọ́ sí báàgì rẹ̀, ó mú agolo mọ́sítádì jáde. Ó ti gbé e wá láti ilé.

"Gba ti Màmá," ló wí.

Mo ti gbà á kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ṣí i. Ọbabìnrin wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ lórí. Mo rò pé ara máa tù mí. Ẹ gbà mí gbọ́, onírùngbọ̀n yẹn ni ọkàn mi ṣì ń rò.

"Kí ló dé tó o gbé ti onírùngbọ̀n pamọ́?" mo bi í.

"Ìwọ lo máa ń jókòó lẹ́sẹ̀ Màmá. Ìwọ lo gba Pightle. Mo ní, ká má tún sọ pé ìwọ náà lo rí góòlù. Ihò mi ni, Avril. Ihò tí mo gbẹ́ fúnra mi ni." Ó ń fi èékánná ha kẹ̀kẹ́ ìwakọ̀. Mi ò mọ̀ rí pé ẹ̀gbọ́n mi ń jowú mi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tá a ti mọra wa.

Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó dì mí lápá mú.

"Mi ò lè jó nígbà tí mo délé. Mo gbìyànjú. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo dì í mú, mi ò lè jó." Ohùn rẹ̀ kéré. "Nígbà tó o jó, báwo ló ṣe rí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí bí apá mi ṣe lọ sókè, bí ẹrẹ̀ ṣe ń ta, bí ọkàn mi ṣe fúyẹ́ tí mi ò jowú ẹnikẹ́ni. Mo yọ apá mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi agolo mọ́sítádì sápò, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò sọ fún un. Títí dòní, bá a bá wà ní Pightle, ó ṣì máa ń bi mí, mi ò sì ní sọ fún un.